Bí ọmọ ẹlòmíràn yóò bá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní England: ohun tí òfin ń béèrè, láti ọjọ́ tó dé títí di ọjọ́ tó lọ

Ìbéèrè tí obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé bi mí kò le rárá. Ó ní, "Kí ni ẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?" Mo dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni àǹtí rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Agboolé kan náà ní Ìbàdàn ni èmi àti bàbá ọmọ náà ti dàgbà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún wa, èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ni àbúrò. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ọmọ wọ kíláàsì, mo bá ibi iṣẹ́ lọ.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ káńsù kan jókòó ní pálọ̀ mi, ó mú bírò, ó ní kí n to ìdílé wa sórí ìwé fún òun, láti orí bàbá àgbà wá sílẹ̀. A tò ó. Bàbá mi àti bàbá tó bí bàbá ọmọ náà ni ọmọ ìyá. Ó fi bírò tọ ìlà náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀, ó wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé lójú òfin England, èmi kì í ṣe àǹtí ọmọ náà. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń tọ́jú, mi ò sì tíì sọ fún káńsù bí òfin ṣe ní kí n sọ.

Wọn kò fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóṣù yẹn, ọmọ náà sì rí i lójú mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè láti ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Òfin England ni mo ń sọ níhìn-ín. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn, ó sì yàtọ̀ ní ibìkan sí ibìkan.

Ibi tí òfin yìí ti wá

Ọdún 1989 ni wọ́n ṣe òfin tó dá lé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Children Act 1989. Àmọ́ gbígba ọmọ tọ́ láàrin àwa Yorùbá àti àwọn ará ìlú yìí ti wà ṣáájú rẹ̀. Láàrin ọdún 1950 sí 1970 àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òbí wa tó wá kàwé máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin òyìnbó ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí London ká. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti máa ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá wọn wo ọmọ. Àwọn ọmọ kan rí ìtọ́jú tó dára. Àwọn kan kò rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè òbí wọn mọ́ nígbà tí wọ́n padà sílé.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí ìjọba túbọ̀ fojú sí i ni ti Victoria Climbié. Nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n ti bí i ní 1991. Àbúrò bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ni a ó pe irú obìnrin tó mú un wá sí Europe lédè wa, èyíinì ni pé ìran òbí àgbà ni, kì í ṣe ìran òbí. Pásípọ́ọ̀tù tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ mìíràn ló fi mú un wọ ìlú, ó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ni. Ọmọ náà kú ní oṣù kejì ọdún 2000, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àpá 128 ni wọ́n kà sára rẹ̀. Àwọn káńsù, ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i kó tó kú. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ikú rẹ̀ jáde ní 2003, Children Act 2004 sì tẹ̀lé e. Nígbà tí òṣìṣẹ́ káńsù bá ń béèrè lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kẹta pé báwo gan-an ni ẹ ṣe bá ọmọ náà tan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà pé ó kórìíra wa. Ọmọ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìbátan bí òfin ṣe ń kà á

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, nítorí náà mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn tí òfin kà sí ẹbí tímọ́tímọ́ ọmọ, yàtọ̀ sí àwọn òbí rẹ̀, nìwọ̀nyí: bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà gan-an, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Ó parí. Òfin kò ya ọbàkan sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ìyá: bí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ bá jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, tí ìyá yín yàtọ̀, ẹbí ni yín. Ìgbéyàwó náà kà: ìyàwó àbúrò bàbá ọmọ jẹ́ àǹtí rẹ̀ lábẹ́ òfin.

Wàyí o, ẹ wo àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, tí ẹ ń pè ní àbúrò láti kékeré, òfin kò kà á sí àbúrò yín, nítorí náà ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àbúrò yín. Àbúrò ìyá àgbà, tí a ń pè ní ìyá àgbà bákan náà, kò sí níbẹ̀. Ìyá ìsàmì kò sí níbẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ àti ọ̀rẹ́ ìyá ọmọ tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé girama kò sí níbẹ̀. Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó ya ọmọ bàbá kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ bàbá ẹni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń dáhùn ní ọ́fíìsì, ẹ má lo orúkọ tí ẹ ń pe ara yín nílé. Ẹ sọ ìlà ìbí: "Bàbá mi àti bàbá àgbà ọmọ náà ni ọmọ ìyá." Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ ọmọ sí ìsàlẹ̀, ẹ gòkè dé ibi tí ẹ̀yin àti rẹ̀ ti pàdé, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sórí orúkọ tiyín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ìwé yẹn bá fi hàn pé ẹbí tímọ́tímọ́ ni yín, ẹ fo àwọn ibi tó sọ̀rọ̀ nípa sísọ fún káńsù àti ìbẹ̀wò wọn. Ìyókù kàn yín síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ orí ọmọ àti iye ọjọ́ tí yóò gbé

Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 16 (tàbí 18, bí ó bá ní ìpèníjà ara), tí yóò sì gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ẹbí tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí òfin ń pè é ni private fostering. Ẹ mọ orúkọ yẹn, nítorí òun ni ẹ máa rí lórí fọ́ọ̀mù àti lórí ojú-ewé káńsù.

Ọmọ tó wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin ń wò. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ọdún kan ni yóò lò, ẹ kò ní láti dúró di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé bí ọmọ bá lọ sun ilé ẹlòmíràn ní òpin ọ̀sẹ̀, kíkà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsinmi kékeré báyẹn kò já ìkà ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ló ní àṣẹ lórí ọmọ náà?

Òfin ń pè é ní parental responsibility. Èmi yóò máa pè é ní àṣẹ òbí níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúṣe pọ̀ nínú rẹ̀ ju àṣẹ lọ: ibi tí ọmọ yóò gbé, ilé-ìwé tí yóò lọ, ìtọ́jú ìṣègùn rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

Ìyá ní i láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ. Bàbá ní i bí òun àti ìyá ọmọ bá jẹ́ tọkọtaya lábẹ́ òfin. Bí wọn kò bá fẹ́ ara wọn, ó ní i bí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ìbí tí wọ́n ṣe ní England láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2003 wá, tàbí bí òun àti ìyá bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ilé-ẹjọ́ gbà wọlé, tàbí bí ilé-ẹjọ́ bá fún un.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn bàbá lẹ́nu. Ìwé ìbí tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà kò fún bàbá tí kò gbé ìyá ọmọ níyàwó ní àṣẹ yìí ní England, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ hàn gbangba lórí rẹ̀. Ìwé ìbí ti orílẹ̀-èdè yìí nìkan ni ìlà òfin yẹn ń tọ́ka sí. Nítorí náà, bí bàbá nìkan ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ béèrè ibi tí ìyá wà àti bóyá ó mọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì kó gbogbo ìwé tó bá wà jọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ tilẹ̀ tọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́wàá, àṣẹ òbí kò bọ́ sọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń lọ búra ní kóòtù ní Ikeja tàbí ní Ìbàdàn pé, "Mo ti fi ọmọ mi lé lágbájá lọ́wọ́." Ẹ tọ́jú ìwé ìbúra náà dáadáa, ẹ̀rí ni pé òbí fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò gbé àṣẹ fún yín. Òfin sọ ọ́ ní kedere pé òbí kò lè gbé àṣẹ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tó lè ṣe ni kí ó ní kí ẹlòmíràn máa bá òun ṣe díẹ̀ tàbí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Òfin sì tún gba ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàyè láti ṣe ohun tó bá mọ́gbọ́n dání láti dáàbò bo ọmọ náà. Bí ọmọ bá ṣubú tó kán lápá, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de fóònù láti Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ lẹ́tà náà kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹ ó mú nínú gbogbo èyí, ẹ mú lẹ́tà yìí. Gbogbo ẹni tó ní àṣẹ òbí ni kó fọwọ́ sí i, kí nọ́ńbà tẹlifóònù wọn tó ń lọ wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ wọn sì tẹ̀lé e. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ nìyí:

"Èmi ni ìyá ọmọ yìí, tí wọ́n bí ní ọjọ́ báyìí. Mo gbà kí ó máa gbé lọ́dọ̀ lágbájá, ní ilé báyìí, láti oṣù báyìí títí di oṣù báyìí. Mo fún un láàyè láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé àti lọ́dọ̀ dókítà, láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, àti láti fọwọ́ sí ìtọ́jú ìṣègùn tó bá di dandan nígbà tí a kò bá rí mi bá sọ̀rọ̀. Mi ò fún un láàyè láti mú un jáde kúrò ní ìlú láì kọ̀wé sí mi. Iye báyìí ni n ó máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù."

Ẹ fi àìsàn ọmọ kún un, oògùn tó ń lò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá AS ni tàbí SS, oúnjẹ tí kò bá a lára mu, àti ọjọ́ tí òun àti òbí rẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ọmọ tí mo gbà, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni tirẹ̀. Bí aago méje bá ti lù, á ti jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fóònù nílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ fún káńsù

Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọmọ tó dé ni òfin ní kí ẹ sọ. Bí ọjọ́ bá ti súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ ti wà nílé, ẹ sọ ọ́ lónìí. Ẹ wá orúkọ káńsù yín pẹ̀lú private fostering lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà wọn á jáde. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká: òbí tó mọ̀ sí ètò náà àti ẹnikẹ́ni tó bá wọn ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lè fojú ba ilé-ẹjọ́, kí ó sì san owó ìtanràn.

Wọn á béèrè orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i, ẹ̀sìn rẹ̀, èdè rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì òbí rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ilé yín, bóyá ẹnì kan nínú wọn ti ṣẹ̀ sófin rí, àti iye ìgbà tí ọmọ yóò lò. Ẹ sọ òtítọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí jù lọ ni kí ẹ má kọ ọ́ síbi kankan pé ẹ̀yin lẹ bí i, ì báà jẹ́ ilé-ìwé, dókítà tàbí físà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́mì ni ọmọ ń pè yín.

Lórí físà: ẹ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó rìnrìn àjò, kì í ṣe lẹ́yìn tó dé. Físà àlejò kì í ṣe físà ilé-ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí wọ́n bá dé

Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ẹ bá ti sọ, ẹnì kan yóò wá. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti rí tí wọ́n ń nu ògiri di òru nítorí ọjọ́ yẹn. Ẹ nu ilé bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri ló wá wò.

Èyí tó wá sọ́dọ̀ mi béèrè ibi tí ọmọ ń sùn, ó gòkè lọ wò ó. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nínú kọ́ọ̀bù, ó kà wọ́n, ó bi mí èwo ni ti ọmọ náà. Ó wo bóyá aṣọ òtútù rẹ̀ bá a mu. Ó béèrè ta ló ń di irun rẹ̀, kí ló ń jẹ lálẹ́, èdè wo ló fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Mo rò pé àbùkù ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: òfin ló ní kí ó rí ọmọ láìsí èmi níbẹ̀, àfi bí ó bá rí ìdí tí kò fi yẹ. Mo jókòó ní kíṣìnì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òkè. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ohun tó sọ fún mi ni pé ọmọ náà ní iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbọdọ̀ kú lóru, ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà á. Láti oṣù mẹ́ta, kò tíì sọ ọ́ fún mi rí.

Wọn á wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá lórí gbogbo àgbàlagbà inú ilé. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ti ṣe ọmọdé níbi rí, wọ́n lè ní ọmọ kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ẹ kò sì lè gba ju ọmọ mẹ́ta lọ lọ́nà yìí láì gba àyè, àfi bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn á máa wá ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ní ọdún kìíní, àti ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá láti ọdún kejì. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n wá àti ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì òbí tàbí ti ọmọ kò bá dán mọ́rán, ẹ béèrè ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bí a ṣe ń gbé e lójoojúmọ́

Owó. Káńsù kì í sanwó fún yín bí wọ́n ṣe ń san fún àwọn tí wọ́n fúnra wọn kó ọmọ fún. Òbí ló ni ẹrù náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí Child Benefit, owó tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ, nítorí ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n bí ìwé ìgbélùú yín tàbí ti ọmọ bá sọ pé kò sí owó ìjọba, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà tàbí Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá le dé ibi pé ọmọ kò rí jẹ, apá kẹtàdínlógún òfin 1989 fún káńsù láàyè láti ran ọmọ tó wà nínú àìní lọ́wọ́. Ẹ béèrè.

Ìbáwí. Ní Scotland láti oṣù kọkànlá ọdún 2020, àti ní Wales láti oṣù kẹta ọdún 2022, nínà ọmọ ti di èèwọ̀ pátápátá. England ṣì fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n pè ní ìbáwí tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi àpá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí káńsù ń wá wò, ẹ gbé pàṣán, bẹ́líìtì àti ọmọrogùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátá. Mi ò sọ èyí nítorí ẹ̀rù òfin nìkan. Ọmọ tó ti fi ìyá sílẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì sí ọ̀dọ̀ yín kò ní ẹni tí yóò sá bá.

Iṣẹ́ ilé. Kí ọmọ fọ abọ́ tó fi jẹun, kí ó gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun ló ń wẹ ọmọ yín, tó ń dáná fún gbogbo ilé, tó ń pẹ́ dé ilé-ìwé tàbí tí kò lọ rárá, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹ mú wá, orúkọ rẹ̀ ní ìlú yìí sì ni ẹrú. Modern Slavery Act 2015 lè rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n títí ayé rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ilé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ, ẹ pe káńsù tàbí ọlọ́pàá. Kò sí ẹbí tó tóbi ju ìyẹn lọ.

Ìrìn àjò. Kí ẹ tó mú ọmọ kọjá ẹnubodè, kódà fún ìsinmi ní Spain, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní àṣẹ òbí. Láìsí rẹ̀, òfin ọdún 1984 lórí gbígbé ọmọ sá lè mú yín.

Èdè àti ẹ̀sìn. Káńsù gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ẹ ń tọ́ ọmọ ní ọ̀nà tó bá ẹ̀sìn, èdè àti ìran rẹ̀ mu. Bí ọmọ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹ̀yin jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ jẹ́ kí ó kírun.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ọdún bá ń gorí ọdún

Bí ó bá ti hàn pé ọmọ kò ní padà láìpẹ́, tàbí òbí rẹ̀ ti kú, lẹ́tà nìkan kò tó mọ́. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ ní ilé-ẹjọ́. Èkíní ni child arrangements order, àṣẹ tó sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ yóò máa gbé. Fọ́ọ̀mù C100 ni wọ́n fi ń béèrè fún un, ó sì ń fún yín ní àṣẹ òbí, tí ẹ̀yin àti àwọn òbí yóò jọ máa lò. Èkejì ni special guardianship, tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó di ọjọ́ tí ọmọ bá pé 18, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yín yóò sì máa borí ti òbí nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì jẹ́ òbí rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó béèrè fún un.

Ní ti ẹni tó lè béèrè: bí gbogbo àwọn tó ní àṣẹ òbí bá fọwọ́ sí i, ọ̀nà là. Bí ẹbí tímọ́tímọ́ bá ni yín, tí ọmọ sì ti gbé lọ́dọ̀ yín fún ọdún kan gbáko, ẹ lè béèrè. Bí ẹ kì í bá ṣe ẹbí tímọ́tímọ́, bíi tèmi, ọdún mẹ́ta ni. Láìsí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́. Ire ọmọ ni adájọ́ yóò gbé lékè ohun gbogbo. Yóò wo ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe tó, àti ohun tí ìyípadà yóò ṣe fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí nǹkan bá dàrú, àti bí ó bá parí

Bí ọlọ́pàá bá rí i pé ewu ń bẹ, wọ́n lè fi ọmọ pamọ́ fún wákàtí 72. Ilé-ẹjọ́ lè fún káńsù ní àṣẹ pàjáwìrì ọjọ́ mẹ́jọ. Bí káńsù bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ láti gba ọmọ, òbí lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́, iye yòówù kó máa wọlé fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àṣẹ òbí, ẹ kì í ṣe ara ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ kí wọ́n gbà yín wọlé. Mo ti jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan lórí bẹ́ǹṣì lóde kóòtù, tó ti tọ́ ọmọ fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà nínú ilé láìsí òun. Ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí ìgbésẹ̀ kẹjọ nìyẹn. Kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé pé káńsù lè mú ọmọ fún ìgbà díẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Bí ọmọ bá ń lọ, ì báà jẹ́ padà sí Ìbàdàn tàbí sí ilé ẹlòmíràn ní Birmingham, ẹ sọ fún káńsù láàrin wákàtí 48: ọjọ́ tó lọ, ẹni tó gbà á, àdírẹ́sì ibẹ̀. Wákàtí 48 náà ni bí ẹ bá kó kúrò nílé, tàbí bí ẹlòmíràn bá wá bá yín gbé, tí kò sí àyè láti sọ ọ́ ṣáájú.

Ọmọ tèmi pé ọdún 16 lọ́dọ̀ mi. Òṣìṣẹ́ káńsù wá nígbà ìkẹyìn, ó mu tíì, ó ní òun yóò ti fáìlì náà. Ó yọ ìwé kan jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fún mi. Ìlà ìdílé tí a jọ tò ní pálọ̀ lọ́jọ́ kìíní ni. Mo fi sínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà ìyá rẹ̀.